Ìgò Omi Adágún Tí Ọmọ Mi Gbé Wọlé

Ọ̀rọ̀ ìgò kan ni mo mú wá lónìí. Ẹ má ṣe fi mí rẹ́rìn-ín. Ìgò ńlá tí wọ́n fi ń ta súìtì ni, irú èyí tí a máa ń tọrọ lọ́wọ́ àwọn tí ń ta ọjà wẹ́wẹ́ bí ó bá ti ṣófo. Ìgò yìí dá ìjà sílẹ̀ ní ilé mi, ó sì tún gbé wa dé ìdí ìjà mìíràn tí ó ti wà nílẹ̀ kí n tó di ìyàwó ilé wọn.

Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni ó sọ fún àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún 13, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí olúkúlùkù wọn bu omi adágún sínú ìgò, kí ó tọ́jú rẹ̀ sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó máa wò ó láràárọ̀ àti lálaalẹ́, kí ó sì máa kọ ohun tí ó bá rí sínú ìwé. Ọmọ yìí kì í fi ọ̀rọ̀ olùkọ́ ṣeré. Ní ọjọ́ Sátidé tí a lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní ẹ̀yìn odi Ìbàdàn, ó rí adágún kan níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ amọ̀ nígbà kan rí. Ó bu omi, ó bu ẹrẹ̀ díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó já òjúoró kékeré kan lé e lórí, ó sì gbé e ka itan nínú ọkọ̀ títí a fi dé ilé. Aṣọ mi ni omi náà ń dà sí lára ní gbogbo ọ̀nà.

Ìyá ọkọ mi ń gbé lọ́dọ̀ wa láti ìgbà tí bàbá ti jáde láyé ní ọdún 2016. Ẹ̀bá fèrèsé pálọ̀ ni ó máa ń tẹ́ ẹní ìkírun rẹ̀ sí, ibẹ̀ náà ni ọmọ sì gbé ìgò kalẹ̀ nítorí ìmọ́lẹ̀. Ìyá kí Ìṣáì tán, ó yíjú, ó rí i.

“Ìyàwó,” ni ó pè mí, “kí ni omi ẹrẹ̀ ń wá níwájú mi?”

“Ìyá, iṣẹ́ ilé-ìwé ọkọ yín ni.”

“Omi tí a sá fún kúrò lóko ni ẹ tún ń gbé wọlé, tí ẹ ń pè é ní ìwé? Ọkọ mi, lọ dà á nù.”

Ọmọ bú sí ẹkún. Kí n má purọ́, ti Ìyá ni mo kọ́kọ́ ṣe, nítorí òórùn ẹrẹ̀ náà kò dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọ̀rọ̀ bóyá omi náà lè ba ibi ìkírun jẹ́, a ránṣẹ́ sí Áfáà àdúgbò wa. Áfáà rẹ́rìn-ín. Ó ní omi tí ó dúró sínú ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kò di ẹ̀gbin níwọ̀n ìgbà tí nǹkan ẹ̀gbin kò bá ti yí àwọ̀, adùn tàbí òórùn rẹ̀ padà, àti pé àwọn kòkòrò tí kò ní ẹ̀jẹ̀ tí ń ṣàn, bí wọ́n tilẹ̀ kú sínú omi, wọn kò sọ ọ́ di ẹ̀gbin. Ó wá fi kún un pé bí òórùn ẹrẹ̀ bá ń yọ àgbàlagbà lẹ́nu, kí a gbé e kúrò nítorí ọ̀wọ̀ àgbàlagbà. Bẹ́ẹ̀ ni ìgò ṣe di ará ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo ń to kòkò sí.

Ẹ̀yin ìyá tí ọmọ yín bá gbé irú iṣẹ́ báyìí dé, ẹ má jẹ́ kí ó gbé ìgò náà sínú oòrùn, nítorí omi inú ìgò tètè ń gbóná ju omi inú ilẹ̀ lọ, ohun tí ó wà níbẹ̀ yóò sì kú. Bí omi bá fà, òjò ni kí ẹ fi kún un; oògùn tí wọ́n ń dà sínú omi ẹ̀rọ láti fi pa kòkòrò kò mọ èyí tí ọmọ yín ń sìn yàtọ̀. Ẹ fi aṣọ àwọ̀n bo ẹnu rẹ̀. Èmi kò tètè ṣe èyí, nígbà tí ó sì di ọjọ́ kẹsàn-án, tanwíjí tí ń jó sókè-sódò níbẹ̀ ti ń di ẹ̀fọn. Kí ọmọ sì máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́.

Ní ọjọ́ kìíní àti ọjọ́ kejì, ẹrẹ̀ nìkan ni a rí. Ní ọjọ́ kẹta, omi tòrò. Ọmọ mi kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé, “Mo rí funfun wẹ́wẹ́ tí ń ta.” Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó, lóòótọ́, ó dà bí ìgbà tí a bu iyọ̀ sínú omi tí iyọ̀ náà kò yọ́, tí ó wá ń fò kiri. Ọkọ mi lọ yá awò kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ń tún aago ṣe, irú èyí tí wọ́n máa ń há mọ́ ojú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń jẹ́ kí ọbẹ̀ jóná.

Àwọn kan wà níbẹ̀ tí ara wọn mọ́ gaara bí ọ̀rá, olùkọ́ pè wọ́n ní dáfíníà. Bí ẹ bá há awò mọ́jú, ẹ óo rí ọkàn wọn tí ń lù ní ẹ̀yìn wọn, kíá-kíá-kíá, tí ẹnikẹ́ni kò lè kà á. Ẹ óo rí oúnjẹ nínú ìfun wọn bí òwú àwọ̀ ewé. Èyí tí ó bá lóyún, ẹ óo rí àwọn ọmọ rẹ̀ nínú àpò ní ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó tó bí wọn. Mo ti bímọ mẹ́rin, n kò rí ọ̀kankan nínú wọn títí wọ́n fi délẹ̀. Mo wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń wo oyún kòkòrò! Ní alẹ́, bí ọmọ bá tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ kan ìgò, gbogbo wọn a dà lọ síbẹ̀ bí èrò tí ó gbọ́ pé wọ́n ń pín sàráà.

Nígbà tí wọ́n pe àwa òbí sí ilé-ìwé, olùkọ́ fi ẹ̀kán omi kan láti inú ìgò wa sábẹ́ maikirosikóòpù, ó ní kí n wò ó. Ẹ̀kán omi kan péré! Ọjà ni. Ọ̀kan wà tí ó rí bí àtẹ́lẹsẹ̀ sálúbàtà, irun wẹ́wẹ́ yí gbogbo ara rẹ̀ ká, irun náà ni ó fi ń tukọ̀. Paramisíọ́mù ni orúkọ rẹ̀. Òmíràn tutù bí ewé, ó ní ìrù kan tí ó ń jù níwájú. Olùkọ́ ní ẹni tí ó kọ́kọ́ rí irú èyí tí ó sì kọ ìwé nípa rẹ̀ kì í ṣe dókítà, oníṣòwò aṣọ ni, ará ìlú Delft ní ilẹ̀ Họ́láńdì, Antoni van Leeuwenhoek. Awò ni àwọn aláṣọ ìgbà náà fi ń wo òwú láti mọ aṣọ tí ó dára, òun sì mọ bí a ti ń ṣe awò ju gbogbo wọn lọ. Ní ọdún 1674 ó bu omi adágún kan, ó fi awò rẹ̀ wò ó, ó sì rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Ẹ̀yin aláṣọ Gbági, ẹ gbọ́ o.

Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an kò nílò maikirosikóòpù. Kò tóbi ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Orí rẹ̀ tóbi, ìdí rẹ̀ tín-ín-rín, kì í sì í rìn bí àwọn yòókù, fífò ni ó máa ń fò, á dúró, á tún fò. Ojú kan ṣoṣo ni ó ní, ní àárín iwájú orí. Abo rẹ̀ a máa gbé àpò ẹyin méjì kiri, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì, bí ẹni tí ó gbé ìbejì sí ìbàdí méjèèjì. Ọmọ mi sọ ọ́ ní Olójú-kan, orúkọ yẹn ni gbogbo ilé sì ń pè é.

Ìyá kò kọ́kọ́ súnmọ́ ìgò náà. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí ọmọ ọmọ ti í ṣe. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn Alásárì, ó fa Ìyá lọ́wọ́ dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó há awò mọ́ ọn lójú, ó tan tọ́ọ̀ṣì.

“Súbúhánà-lláhì,” ni Ìyá wí. “Ó ti pọn ọmọ.”

“Ìyá Àgbà, Olójú-kan nìyẹn. Olùkọ́ wa sọ pé òun ni ó máa ń gbé sòbìà fún ènìyàn.”

Ìyá yọ awò kúrò lójú. “Kí ni o wí?”

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ kò mọ sòbìà, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Aràn ni, ó funfun bí òwú ìránṣọ, ó lè gùn tó mítà kan, inú ẹsẹ̀ ni ó sì máa ń gbà jáde jù lọ. Ibi tí yóò ti yọ a kọ́kọ́ wú, á sì máa jóni bí iná. Bí ó bá yọrí, a kò gbọdọ̀ fà á já. A ó máa fi igi kékeré ká a díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, ó lè tó ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí ó tó tán. Kò ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, kò ní oògùn tí ń pa á nínú ara. Àrùn àtayébáyé ni. Ibn Sina, dókítà ńlá inú ìsìn wa, kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìṣègùn rẹ̀ ní nǹkan bí 1,000 ọdún sẹ́yìn, orúkọ ìlú Mẹ̀dínà ni wọ́n sì fi ń pè é nígbà náà, nítorí pé ó pọ̀ níbẹ̀.

Ìlú àwọn ọkọ mi wà ní ilẹ̀ Ìbàràpá. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, odò a gbẹ, adágún nìkan a kù. Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1986, sòbìà mẹ́ta yọ ní ẹsẹ̀ ọ̀tún Ìyá lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan ní ọrùn ẹsẹ̀, ọ̀kan ní àtàrí ẹsẹ̀, ọ̀kan lábẹ́ orúnkún. Ó dùbúlẹ̀ ju oṣù méjì lọ. Gbágùúdá rẹ̀ wà lóko, kò sí ẹni tí yóò fi ṣe gàrí. Owó tí ó ti ń kó jọ láti fi lọ sí Mẹ́kà ni wọ́n fi tọ́jú rẹ̀, owó náà sì tán. Ó ń tiro títí di òní, kò sì dé Mẹ́kà títí di òní.

Orogún rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Kékeré, ni Ìyá gbà pé ó ṣe é. Ó ní òun rí i ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kan tí ó ń gbálẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà òun, ibi tí kì í gbá tẹ́lẹ̀, ó sì dá òun lójú pé ó da nǹkan síbẹ̀ fún òun láti tẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀rùn náà gan-an, sòbìà yọ ní ẹsẹ̀ Ìyá Kékeré pẹ̀lú. Ìyá ní nǹkan tí ó sọ ni ó padà bá a. Kò sí ẹni tí ó lè bá a jiyàn. Nígbà tí Ìyá Kékeré lọ sí Mẹ́kà ní ọdún 1991, tí ó padà wá di Alhájà, Ìyá kò lọ kí i káàbọ̀. Mo ti ṣe ìsọmọlórúkọ mẹ́rin, n kò rí kí àwọn méjèèjì jókòó sórí ẹní kan náà rí.

Nítorí náà, ẹ óo mọ ìdí tí ọkàn mi fi là nígbà tí Ìyá ní kí ọmọ tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. Ọmọ tún un sọ, ó lọ mú ìwé rẹ̀ wá, ó ń kà á bí ẹni ń ka hánbà lẹ́sẹẹsẹ: pé ẹni tí sòbìà bá ń yọ lára rẹ̀, bí ó bá ki ẹsẹ̀ bọ omi nítorí kí ó lè tutù, aràn náà yóò tú ọmọ wẹ́wẹ́ tí ó lé ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún sínú omi, pé Olójú-kan yóò gbé wọn mì, pé wọn yóò dàgbà nínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, pé ẹni tí ó bá mu omi náà láìsẹ́ ẹ yóò mu Olójú-kan pẹ̀lú, pé Olójú-kan yóò kú sínú ikùn, ṣùgbọ́n ọmọ aràn kò ní í kú, yóò máa dàgbà nínú ara fún nǹkan bí ọdún kan kí ó tó yọjú. Ará Rọ́ṣíà kan, Aleksei Fedchenko, ni ó rí i ní ọdún 1870 pé inú Olójú-kan ni ọmọ sòbìà ti ń dàgbà.

Ìyá kò sọ̀rọ̀. Ó bèèrè bóyá èyí tí ó wà nínú ìgò ní sòbìà nínú. Mo sọ fún un pé kò ní. Nàìjíríà ni sòbìà pọ̀ sí jù nígbà kan, ènìyàn tí ó lé ní 650,000 ni wọ́n kà pé ó ní in nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ka gbogbo abúlé ní nǹkan bí ọdún 1988. Wọ́n gbẹ́ kànga, wọ́n pín aṣọ asẹ́mi, wọ́n dá àwọn ẹlẹ́sòbìà lẹ́kun dídé odò. Ọ̀gágun Yakubu Gowon, tí ó ti ṣe olórí orílẹ̀-èdè wa rí, wà nínú àwọn tí ń lọ láti abúlé dé abúlé. Ẹni ìkẹyìn tí ó ní in ní ilẹ̀ wa ni a gbọ́ ní ọdún 2008, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fi ọwọ́ sí i ní ọdún 2013 pé ó ti tán. Láti ọdún 2021 dé 2024, kò sí ọdún tí iye àwọn tí ó ní in ní gbogbo ayé pé 20.

“Láìsí oògùn?” ni Ìyá wí.

“Láìsí oògùn, Ìyá. Sísẹ́ omi ni, àti kí ẹlẹ́sòbìà má wọ odò.”

Ó wo ọwọ́ rẹ̀. “Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni mò ń sẹ́ ògì. Aṣọ wà lọ́wọ́ mi. Mo sẹ́ ògì, n kò sẹ́ omi.”

Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìyẹn, nígbà tí a ń jẹun alẹ́, ó ṣàdédé bi ọkọ mi léèrè pé, “Ọdún tí ó ṣáájú èyí tí mo dùbúlẹ̀, ta ni sòbìà mú nílé wa?”

Ọkọ mi gbé ọwọ́ dúró lórí àmàlà. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dáhùn. “Èmi ni, Ìyá.”

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà náà. Ìyá wá sọ ọ́ fún wa bí ẹsẹ̀ ọmọ náà ti ń jó o, tí ó ń ké lóru, tí òun gbé e pọ̀n ní òwúrọ̀ lọ sí etí adágún, tí òun sì sọ pé kí ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ kí ó lè tù ú. Ẹkún rẹ̀ dá. Ìyá tún gbé e lọ ní ọjọ́ kejì. Adágún náà ni gbogbo agbo ilé ń pọn mu. Kò sí ìyá kan ní ìlú náà tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, mo sì sọ èyí fún un, ọkọ mi náà sọ ọ́. Kò dá wa lóhùn. Ó dìde, ó lọ ṣe àlùwàlá.

Nígbà tí ó kí Àsùbáà tán ní ọjọ́ kejì, ó ní kí a gbé òun lọ sí ilé ní Sátidé, kí a sì gbé ìgò dání.

Ìyá Kékeré wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa èèpo kúrò lára ẹ̀gúsí. Kò mọ̀ pé a ń bọ̀. Ìyá kí i, ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa, ó sì jókòó sórí àpótí tí ó wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un pé kí ó jókòó. Ọmọ mi gbé ìgò ka iwájú Ìyá Kékeré, ó há awò mọ́ ọn lójú bí ó ti ṣe fún Ìyá. Ìyá Kékeré wò ó títí. Ó yí orí síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

“Ọmọ mi, n kò rí nǹkan kan. Ojú mi ti ń lọ. Ẹ sọ ohun tí ó wà níbẹ̀ fún mi.”

Ọmọ mi ya ẹnu láti sọ ọ́. Ìyá fi ọwọ́ dá a dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fúnra rẹ̀, kò bẹ̀rẹ̀ láti orí Olójú-kan, orí ọmọ tí òun pọ̀n lọ sí adágún ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ọ́ dé orí ìgbálẹ̀ àfẹ̀mọ́júmọ́ náà. Ó dákẹ́ níbẹ̀.

Ìyá Kékeré ń ṣa ẹ̀gúsí lọ. Ìgbà tí ó pẹ́ ni ó wí pé, “Ìyáálé mi, adìẹ ni ó yàgbẹ́ síbẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Mo rò pé ẹ óo bínú bí ẹ bá jí bá a, ni mo ṣe gbá a.” Ó tún ṣa ẹ̀gúsí díẹ̀. “Èmi náà ki ẹsẹ̀ mi bọ omi yẹn.”

Lẹ́yìn náà ó ké sí àwọn ọmọ ilé pé kí wọ́n gbé iná kaná, pé ìyáálé òun kò tíì jẹun. Èmi àti ọkọ mi dìde, a lọ dúró sí ìta.

Oòrùn ti mú ìgò náà nínú ọkọ̀ nígbà tí à ń bọ̀ wá sílé. Nígbà tí a dé, púpọ̀ nínú àwọn Olójú-kan ti rọ̀ sísàlẹ̀, wọn kò fò mọ́. Ọmọ mi ṣí ìwé rẹ̀, ó kọ ọ́ pé, “Ọjọ́ kejìlá. A gbé wọn lọ sí Ìbàràpá. Ooru pa púpọ̀ nínú wọn. Mo ka mẹ́fà tí ó kù láàyè, ọ̀kan nínú wọn gbé ẹyin.”